Bí Sítíárì Ọkọ̀ Bá Le Lásìkò Òtútù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo Ọlọ́ya ní ń ṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a bá dé ìdí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọgbọ́n ni kí a fi lo òwe náà. Bí sítíárì ọkọ̀ mẹ́rin bá le ní òwúrọ̀ kan náà ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ní ìlú Chicago, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ó ṣeé ṣe kí àrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yóò ra pọ́ǹpù tuntun nígbà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ táyà ló dín. Èyí tó burú jù ni pé yóò máa wa ọkọ̀ tí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu lójú ọ̀nà tí yìnyín ti mú kó máa yọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Agbára apá nìkan ni àwọn awakọ̀ ayé àtijọ́ fi ń yí ọkọ̀. Ní ọdún 1926, ará Amẹ́ríkà kan, Francis Davis, fi ọ́ìlì ṣe ìrànlọ́wọ́ fún apá. Ní ọdún 1951, ilé-iṣẹ́ Chrysler fi irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ẹ́ńjìnì ń fi bẹ́líìtì yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ń ti ọ́ìlì gba inú họ́ọ̀sì lọ sí ìdí sítíárì, ọ́ìlì yìí ló sì ń bá awakọ̀ ti táyà sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Gbogbo wa la mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe fún epo pupa inú ìgò. Ọ́ìlì sítíárì kì í dì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ki bí òtútù bá mú un. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ìgbà wo ni sítíárì náà ń rọ̀? Bí ó bá rọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ́ìlì tó ki lásán. Bí ó bá le láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ wá ìdí mìíràn.

Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí kò náni lówó. Bí òtútù bá mú ìwọ̀n Celsius lọ sílẹ̀ ní 10, afẹ́fẹ́ táyà yóò dín ní nǹkan bí 2 psi. Táyà tí a fún ní 32 psi nígbà tí ojú ọjọ́ jẹ́ 20 lè di nǹkan bí 28 nígbà tó bá di -5.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọ́ìlì. Ọkọ̀ kì í mu ọ́ìlì yìí. Bí ó bá dín, ó ń jò ni. Bí pọ́ǹpù bá ń kùn, tí ọ́ìlì sì ń hó bí ọṣẹ, atẹ́gùn ti wọ inú rẹ̀. Ẹ tún wò bóyá irú tó yẹ ni wọ́n rọ sí i. Ọkọ̀ kan ń lo ọ́ìlì gíà ọtomátíìkì, òmíràn ń fẹ́ ọ́ìlì aláwọ̀ ewé, Honda sì ní tirẹ̀. Ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bí ọkọ̀ bá ń han bí ẹ ti ń yí sítíárì láàárọ̀, bẹ́líìtì ló ń yọ̀: yálà ó ti gbó, tàbí ó dẹ̀.

Àrùn kan wà tó máa ń tanni jẹ. Ó bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí General Motors ṣe láàárín ọdún 1980 sí 1989. Àwọn òrùka tó ń dí ọ́ìlì nínú ìdí sítíárì jẹ ara álúmíníọ́mù tí wọ́n ń yí nínú rẹ̀. Láàárọ̀, ọ́ìlì á gba ojú ibi tó jẹ náà sá, sítíárì á le; bí ó bá gbóná tán, á tún rọ̀. Ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ ni pé ó máa ń le sí i lọ́dọọdún, ó sì lè le sí apá kan ju èkejì lọ. Ọ́ìlì tuntun kò wò ó sàn; ìdí sítíárì náà ni wọ́n máa ń pààrọ̀.

Bí gbogbo èyí bá dára, kí mẹkáníìkì fi jáàkì gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí ó gbé ọkọ̀ náà lé ohun tó dúró ṣinṣin, kí ó pa ẹ́ńjìnì, kí ó sì yí sítíárì. Bí ó bá ṣì le gan-an, àwọn oríkèé irin ló ti dípẹtà.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìsinsìnyí kò ní ọ́ìlì yìí mọ́; ẹ̀rọ kékeré tó ń lo iná mànàmáná ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ti irú wọn, ẹ wo bátìrì, kí ẹ sì wo bóyá iná àmì sítíárì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Bí sítíárì bá ṣàdédé le lójú ìrìn, ẹ dì í mú ṣinṣin, ẹ rọra dín eré kù, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ má ṣe sọ pé òtútù náà ni. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.