Ohun Tí Ẹ Ń Sùn Lé

Nígbà tí ẹ jí ní òwúrọ̀ yìí, báwo ni ẹ̀yìn yín ti rí? Ṣé ara yín fúyẹ́, àbí ẹ kọ́kọ́ di ìbàdí mú kí ẹ tó lè nàró? Bí ẹ̀yìn bá ń dùn yín nígbà tí ẹ bá jí, tí ìrora náà sì ń dínkù bí oòrùn ti ń gòkè, ẹ yẹ ohun tí ẹ ń sùn lé wò kí ẹ tó lọ ra òògùn. Iṣẹ́ oko kọ́ ni ó ń fa gbogbo ẹ̀yìn dídùn. Ṣùgbọ́n bí ìrora náà bá ń sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú tìpìrì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ibùsùn kò lè wo ìyẹn.

Àgbàlagbà ń fẹ́ oorun wákàtí 7 tàbí 8 lóru. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Wákàtí 8 nínú wákàtí 24 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹni tí ó bá lo ọdún 60 láyé ti lo nǹkan bí ọdún 20 lórí ibùsùn. Kò sí bàtà tí a ń lò tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ ra bàtà, a ó wọ̀ ọ́, a ó sì fi rìn síwá sẹ́yìn níwájú ẹni tí ń tà á. Bí ó bá di ti ibùsùn, òdòdó tí ó wà lára aṣọ rẹ̀ nìkan ni a ń wò.

Kí ni a ní nínú ilé wa? Ẹní ni àkọ́kọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré ẹní. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó ṣeé fọ̀, ó ṣeé sá sí oòrùn, ó sì tutù nígbà ooru. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ó sùn lórí ẹní tí ó sì jí láìsí ìrora, kò ní ìdí kan láti ná owó. Ẹní le fún ẹni tí ó rù àti fún arúgbó, nítorí eegun ìbàdí àti èjìká wọn ni ó ń gbé gbogbo ara lórí ilẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn náà yóò jìyà kí ó tó dìde nílẹ̀. Àga ibùsùn dára fún irú wọn, kí ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì yóò fi kan ilẹ̀ bí wọ́n bá jókòó sí etí rẹ̀.

Èkejì ni tìmùtìmù tí a fi òwú àràbà kún. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn èso àràbà á là, wọn á ṣa òwú rẹ̀, wọn á yọ kóró inú rẹ̀ kúrò, wọn á sì dì í sínú aṣọ tí ó le. Òwú yìí fúyẹ́, omi kì í sì tètè wọ inú rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi í sínú ẹ̀wù tí àwọn atukọ̀ ń wọ̀ kí wọ́n má bàa rì, kí wọ́n tó ní ohun mìíràn. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń dì pọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ihò á wà níbi ìbàdí, òkè á sì wà ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ máa sá a sí oòrùn, kí ẹ máa lù ú, kí ẹ sì tú u ya lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Eruku rẹ̀ kò dára fún ẹni tí ó ní ikọ́ fée.

Ẹ̀kẹta ni fóòmù, tí àwọn tí ó gbọ́ Faransé ń pè ní matelas. Ní Jámánì ni Otto Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe àwárí ohun tí a fi ń ṣe é, ní ọdún 1937. Lónìí kò sí ọjà ńlá tí ẹ kò ní í rí i, ní Kútọnú, ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, títí dé Ṣábẹ̀. Èyí ni ó ń jẹ owó jù, òun náà sì ni wọ́n fi ń tan ènìyàn jù. Ẹ jẹ́ kí a dúró lé e lórí.

Ẹ ronú nípa búrẹ́dì. Búrẹ́dì méjì lè tóbi bákan náà, kí ọ̀kan kún fún afẹ́fẹ́, kí èkejì sì wúwo lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni fóòmù rí. Afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ yóò rọ̀ lónìí, yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ kí ọdún méjì tó pé. Bí a bá gé fóòmù bí àpótí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1, tí gíga rẹ̀ náà sì jẹ́ mítà 1, iye kílò tí ó bá wọ̀n ni a fi ń mọ ipò rẹ̀. Nígbà tí olùtajà bá ní "ti 20 ni" tàbí "ti 30 ni", kílò yìí ni ó ń sọ.

Ṣé òótọ́ ni ó ń sọ? Ẹ lè wádìí rẹ̀. Fóòmù tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1,90, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1,40, tí nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ntímítà 15, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0,4 nínú àpótí ńlá yẹn. Ẹ fi 0,4 sọ 20 di púpọ̀: ó di kílò 8. Ẹ fi sọ 30 di púpọ̀: ó di kílò 12. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n àwọn tí ń ta àgbàdo. Bí olùtajà bá ní ti 30 ni, tí òṣùwọ̀n sì ń fi kílò 8 hàn, ẹ ti mọ èyí tí ó jẹ́. Nínú kíláàsì, a lè fi fóòmù ilé ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣe ìṣirò yìí.

Ẹ ṣí aṣọ rẹ̀ wò pẹ̀lú. Àwọn kan ń fi àjákù fóòmù kún inú, wọn á sì fi aṣọ tí ó lẹ́wà bò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́, ẹ kà dé 10, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò. Èyí tí ó dára yóò gbéra padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ojú ìkúùkù bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ibùsùn tí ó bá le bí pátákó ni ó dára jù fún ẹ̀yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2003, ìwé àwọn oníṣègùn kan tí ń jẹ́ The Lancet tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde láti Sípéènì. Ènìyàn 313 tí ẹ̀yìn ń dùn ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n fún àwọn kan ní èyí tí ó le, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní èyí tí kò le jù tí kò sì rọ̀ jù. Àwọn tí ó sùn lórí ti àárín ni ìrora wọn dínkù jù.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ ti àárín? Ẹ má tijú, ẹ dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ nínú ìsọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ sì ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìbàdí, níbi tí ẹ̀yìn ti tẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń kọjá fàlàlà bí ẹni ń gba abẹ́ afárá, ó le jù. Bí ìdí yín bá rì, tí ọwọ́ kò sì ráyè wọlé rárá, ó rọ̀ jù. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kí ẹni tí ẹ jọ lọ wo eegun ẹ̀yìn yín bóyá ó tọ́. Ẹni tí ó máa ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn ń fẹ́ èyí tí ó rọ̀ díẹ̀, nítorí èjìká. Ẹni tí ó sanra ń fẹ́ èyí tí ó le sí i. Bí tọkọtaya bá ni ín, kí àwọn méjèèjì jọ dùbúlẹ̀ lé e. Bí ó bá rọ̀ jù, ẹni tí ó fúyẹ́ yóò máa yí lu ẹni tí ó wúwo láti alẹ́ títí di òwúrọ̀. Aláboyún tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, kí ó máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn, bóyá ọ̀tún tàbí òsì.

Ẹ̀yin tí owó kò tíì sí lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ wo àga ibùsùn. Nígbà mìíràn pátákó abẹ́ rẹ̀ ni ó ti ṣẹ́. Ẹ tò ó padà. Bí ẹ bá sì ní owó díẹ̀, ẹ ṣírò kí ẹ tó ra olówó pọ́ọ́kú. Ká ní ọ̀kan jẹ́ 20 000 fráǹkì tí ó sì lo ọdún 2, èkejì jẹ́ 48 000 tí ó sì lo ọdún 8. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 10 000 lọ́dún, ti èkejì jẹ́ 6 000.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ìkókó yàtọ̀ pátápátá. Ibùsùn ọmọ gbọ́dọ̀ le, kí ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má ṣe tẹ́ ẹ sórí tìmùtìmù tí ó rọ̀, ẹ má ṣe fi ìrọ̀rí tì í, ẹ sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá rì sínú ohun rírọ̀ kò lè gbé orí ara rẹ̀ sókè. Ó lè kú láìké. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé fóòmù ní ilé ìtajà, ẹ ya á dànù. Ọ̀pọ̀ ń fi í sílẹ̀ kí fóòmù má bàa dọ̀tí, ṣùgbọ́n òógùn ni ó ń kó jọ, ó sì lè bo imú ọmọ.

Ẹni tí àìsàn dá dúbúlẹ̀, fóòmù dídára nìkan kò tó fún un. Ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì, kí egbò má bàa dá a ní ìdí àti gìgísẹ̀.

Fóòmù máa ń gbaná kíá, èéfín rẹ̀ sì ní májèlé tí ó lè pa ènìyàn kí iná tó kàn án. Àtùpà, àbẹ́là, sìgá àti òògùn ẹ̀fọn tí a ń dáná sí, ẹ gbé wọn jìnnà sí ibùsùn. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí ẹ ta, kí ẹ sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù tàbí abẹ́ ẹní.

Bí ìdun bá wọlé, ojú rírán àti ìhò pátákó ni wọ́n ń sá sí. Ẹ da omi gbígbóná sí pátákó, ẹ bọ́ aṣọ fóòmù kí ẹ sè é. Ẹ má ṣe da òògùn kòkòrò oko sí ohun tí ẹ ń sùn lé. Ẹ máa yí fóòmù, kí ibi orí di ibi ẹsẹ̀, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Oòrùn tí ó pọ̀ jù máa ń ba fóòmù jẹ́, nítorí náà ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ lábẹ́ ibòòji. Nígbà tí àárín rẹ̀ bá ti di kòtò, etí rẹ̀ sábà máa ń dára síbẹ̀. Ẹ gé etí náà fún àga ìjókòó, ẹ má sì ṣe fi ìyókù dáná.