Bíréèkì Tó Ń Han: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò, Ẹ Má Kàn Pa Á Lẹ́nu Mọ́

Bíréèkì tó ń han kò fi dandan jẹ́ bíréèkì tó ti bàjẹ́. Nígbà mìíràn, òjò àná ló fà á. Nígbà mìíràn, páàdì ló ti jẹ tán. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí awakọ̀ má mọ èyí tó ń gbọ́, kó wá ní kí fitter, bí wọ́n ṣe ń pe mẹkáníìkì ní Gánà, ṣáà bá òun pa ariwo náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń wakọ̀ ní Lapaz, nílùú Accra, gan-an. Ọ̀nà N1 tó gba ibẹ̀ kọjá, tí wọ́n ṣí lóṣù Kejì ọdún 2012, gùn tó kìlómítà 14 láti Tetteh Quarshie dé Mallam. Ọ̀nà gidi ni, àmọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lapaz kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Trotro, ìyẹn ọkọ̀ akérò, tó ń já èrò, tó ń gbé èrò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ yóò jẹ páàdì kíákíá ju ọkọ̀ tó ń lọ geere lójú ọ̀nà Kumasi lọ.

Báyìí ni bíréèkì ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú táyà iwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, irin roboto pẹrẹsẹ kan wà tí à ń pè ní dísìkì. Òun àti táyà ló jọ ń yí. Kálípà gun dísìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, páàdì méjì sì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ní inú, ọ̀kan ní ìta. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì bíréèkì á ti písítìnì, páàdì méjèèjì á sì fún dísìkì mọ́ àárín. Bí wọ́n ṣe ń ha ara wọn yìí ló ń dá ọkọ̀ dúró, òun náà ló sì ń jẹ páàdì díẹ̀díẹ̀. Páàdì tuntun sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 10 sí 12. Bó bá ti ku 3, ó tó pààrọ̀.

Àwọn tó ń ṣe páàdì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo awakọ̀ ló ń yọ táyà wò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ páàdì. Bí páàdì bá ti fẹ́ tán, irin yẹn á kan dísìkì, á sì máa han fíìn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá a síbẹ̀ ni, kó lè kìlọ̀. Fitter tó bá tẹ irin náà sẹ́yìn kó má baà ké mọ́ ti gba ìkìlọ̀ lọ́wọ́ yín.

Báwo lẹ ó ṣe dá ariwo kọ̀ọ̀kan mọ̀? Ariwo tó wá láàárọ̀ lẹ́yìn òjò, tó sì lọ lẹ́yìn tí ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin, dísìkì ló dógùn-ún fẹ́ẹ́rẹ́ mọ́jú. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Lásìkò ọyẹ́, eruku lè há sáàárín páàdì àti dísìkì tàbí kó kún inú dúrọ́ọ̀mù bíréèkì táyà ẹ̀yìn. Kí wọ́n fi aṣọ tútù nù ún; kí wọ́n má fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ, nítorí eruku bíréèkì kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ariwo tó ń wá lójoojúmọ́, tí kì í lọ, ń sọ pé kí ẹ yọ táyà. Èyí tó bá wá ń ha gàràgàrà, irin ti ń jẹ irin nìyẹn. Ẹ má wakọ̀ náà síwájú.

Tí wọ́n bá yọ táyà, páàdì méjèèjì ni kí ẹ wò, torí tinú sábà máa ń tètè tán. Bí ọ̀kan bá nípọn ju èkejì lọ púpọ̀, ó ṣeé ṣe kí pín-ìnnì tí kálípà fi ń rìn ti há. Ẹ wo dísìkì náà: wọ́n sábà máa ń tẹ ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ jù sí ara rẹ̀, pẹ̀lú àkọlé MIN TH. Bí ọ́ìlì bíréèkì bá sì ń lọ sílẹ̀, ẹ má kàn bù kún un. Páàdì tó ń jẹ lè wà nídìí rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó ń jò.

Bí ẹ bá ń lọ ra páàdì ní Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Accra, ẹ mú ògbólógbòó rẹ̀ dání kí wọ́n fi wé e. Páàdì táyà ọ̀tún àti ti tòsì ni kí ẹ jọ pààrọ̀, kí ọkọ̀ má baà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gíríìsì bíréèkì wà fún ẹ̀yìn páàdì àti pín-ìnnì. Bó bá kan ojú páàdì, ọkọ̀ ò ní lè dúró dáadáa. Kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì títí tó fi máa le lẹ́sẹ̀.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Owó páàdì kéré sí owó páàdì pẹ̀lú dísìkì, méjèèjì ò sì tó ẹ̀mí èrò tó wà lẹ́yìn yín. Nítorí náà, bí ariwo ò bá lọ, ẹ ní kí fitter yọ táyà lójú yín, kí ẹ sì fojú ara yín rí páàdì kí ẹ tó sanwó.