Ibo Ni Ó Yẹ Kí Ẹ̀rí Kọ̀ǹpútà Wà?

Bí mo bá fi àṣírí mi sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ta ni yóò jẹ́rìí pé ẹni tí ó ni ín kò lè yọjú wò ó? Ẹ̀rọ AMD àti ti Intel lè fọwọ́ sí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Nínú kernel Linux, ẹnu-ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a kọ́kọ́ ṣí fún ìbéèrè rẹ̀: ti AMD ní 2022, ti Intel ní 2023. Ẹ̀dà 6.7, tí ó jáde ní 2024, pèsè ẹnu-ọ̀nà kan fún àwọn méjèèjì. Mo gbà pé ó tọ́: kí ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, kí ti oníkálùkù wà ní yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìta ni kí a ti máa yẹ ẹ̀rí náà wò. Ẹni tí à ń dá lẹ́jọ́ kì í ṣe adájọ́ ara rẹ̀.