Ilé Gogoro Tí Ọ̀nà Abẹ́ Ilẹ̀ Fi Ń Mí

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ni a gbé wá. Atẹ́gùn tí a kì í rà lọ́jà ni o, ṣùgbọ́n àwọn ìlú ńlá kan ti náwó gọbọi lé e lórí kí ọmọ ènìyàn má baà kú sójú ọ̀nà.

Bí a bá gbọ́ pé ọ̀nà ọkọ̀ gba abẹ́ odò tàbí abẹ́ òkè kọjá, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé: ta ló gbẹ́ ẹ? Báwo ni omi kò ṣe ya wọlé? Ẹni tó máa béèrè bí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ṣe ń mí kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Gáàsì kan wà nínú èéfín ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Bí a bá mí i sínú, ipò tí afẹ́fẹ́ rere yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni yóò gbà. Orí yóò kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì yóò kọ́ni, lẹ́yìn náà ènìyàn yóò dákú. Bí kò bá tètè rí ẹni gbé e jáde, ó parí nìyẹn. Ní gbangba, afẹ́fẹ́ ń gbá a lọ. Nínú ihò, kò ríbi lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà kan tó ń jẹ́ Liberty Tunnels gba abẹ́ òkè; gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6,000 ẹsẹ̀ bàtà. Wọ́n ṣí i fún ọkọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1924, nígbà tí ẹ̀rọ tí yóò máa fẹ́ atẹ́gùn sí i kò tíì parí. Oṣù díẹ̀ kọjá, kò sí wàhálà. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìgboro daṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ kún inú ihò náà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dé, gbogbo ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, wọn kò lè lọ síwájú, wọn kò lè padà sẹ́yìn. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí dákú. Orí ló yọ wọ́n tí ẹnikẹ́ni kò kú. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó dín ọkọ̀ tó ń wọ ibẹ̀ kù, títí wọ́n fi parí ilé fáànù sórí òkè náà ní 1928.

Àwọn ará New York kò dúró de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà abẹ́ odò Hudson, tó so ìlú wọn mọ́ Jersey City. Ẹnjiníà àgbà wọn, Clifford Holland, mọ̀ pé atẹ́gùn ni yóò jẹ́ ìṣòro. Nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ní Bruceton, wọ́n ń wa ọkọ̀ nínú ihò kan tí wọ́n dìídì gbẹ́, kí wọ́n lè mọ bí èéfín ṣe ń pọ̀ sí i. Ní yunifásítì Yale, àwọn kan yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n jókòó sínú yàrá tí wọ́n fi gáàsì náà sí níwọ̀nba, kí àwọn dókítà lè mọ ibi tí ara ènìyàn lè gbà á dé.

Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni ilé gogoro mẹ́rin: méjì ní ìhà New York, méjì ní ìhà kejì. Méjì nínú wọn dúró sínú omi gan-an. Fáànù ńláńlá 84 ló wà nínú wọn. 42 ń ti atẹ́gùn tuntun wọlé, 42 yòókù ń fa èéfín jáde. Atẹ́gùn tuntun ń gba abẹ́ ojú ọ̀nà wọlé, ó ń yọ ní ẹ̀bá táyà ọkọ̀. Èéfín ń gba àjà jáde, ó di inú ilé gogoro, ó di ojú sánmà. Láàárín ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, gbogbo atẹ́gùn inú ihò ti di tuntun. Wọn kò jẹ́ kí èéfín rin ọ̀nà náà já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí yóò fi máa bá gbogbo èrò pàdé.

Holland kò rí i kó parí. Ó kú ní oṣù kẹwàá 1924, ẹni ọdún 41. Milton Freeman gba iṣẹ́ náà, òun náà kú ní oṣù kẹta 1925. Ole Singstad, ọmọ ilẹ̀ Norway, tó ṣe ètò atẹ́gùn náà, ló parí rẹ̀. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá 1927, ọkọ̀ tó lé ní 50,000 sì gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní 1949, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó kẹ́míkà gbiná nínú rẹ̀. Ènìyàn 66 fara pa, àmọ́ iná náà kò pa ẹnikẹ́ni lójú ẹsẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Ìlú méjèèjì ló ná owó ilé fáànù náà nígbẹ̀yìn. Ọ̀kan ná an kí ènìyàn tó dákú, èkejì ná an lẹ́yìn tí wọ́n dákú tán.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Gáàsì kan náà ló ń ti ìdí jẹnẹrétọ̀ jáde. Gbogbo wa ti gbọ́ nípa ìdílé tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n tilẹ̀kùn sùn, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì mọ́ bá wọn.

Ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, a ó dìbò lórí owó tí ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ béèrè, láti kọ́ ilé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ilé ìtajà wa dípò kí a gbé e sí yàrá ẹrù. Àwọn kan ń bi wá pé èrè wo ni ilé jẹnẹrétọ̀ máa mú wá. Òótọ́ ni, kò ní mú kọ́bọ̀ wá. Èrò tiwa nìyí:

1. Kí á kọ́ ilé náà kí á tó tan ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí á máa lò ó ná.

2. Kí ọ̀pá èéfín rẹ̀ ga ju òrùlé lọ, kó má sì kọjú sí fèrèsé àwọn tó ń gbé lẹ́yìn wa. Ìdí tí wọ́n fi kọ́ ilé atẹ́gùn ní gogoro ni pé èéfín tí a lé kúrò lọ́dọ̀ ara wa kò gbọdọ̀ di ti aládùúgbò.

3. Kí á kọ orúkọ ẹni tí yóò máa bójú tó o sílẹ̀, àti ti ẹni tí yóò gbà á bí ti àkọ́kọ́ kò bá sí.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn ọmọ tó ń tajà fún wa nínú ilé ìtajà yẹn, ọmọ wa ni wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá sípàdé, kí ẹ sì dìbò yín. Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́ o.