Ọyẹ́ Kò Mọ Ààlà

Aago mẹ́fà àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Eggua, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ la wà. Ọlọ́kadà tó gbé mi wá dé abetí ajá, ó fa etí rẹ̀ méjèèjì bo etí ara rẹ̀, ó sì fi aṣọ ìnujú di imú. Èmi tí mo rò pé ọyẹ́ ò lè mú mi, ètè mi ti sán kí n tó sanwó.

"Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o!" Obìnrin oníbúrẹ́dì kan ló kí mi. Ó ń fọwọ́ bu omi nínú ike, ó ń wọ́n ọn síwájú ìsọ̀ kí eruku pupa má baà bo ọjà rẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù: obìnrin yìí kò pa á lówe, ó ń ṣe é.

Nínú agbo ilé tó tẹ̀ lé e, omi ìwẹ̀ ń hó lórí ààrò. Ìyá kan ń fi òrí pa ọmọ mẹ́ta lára lọ́kọ̀ọ̀kan, láti iwájú orí dé gìgísẹ̀. Ẹ̀kẹrin wọ súwẹ́tà méjì léra, ó jókòó ti iná. Ọmọ náà ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, òtútù sì máa ń gbé ìrora eegun rẹ̀ dìde. Ìyá rẹ̀ ti ra oògùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ọdún Kérésì tó dé.

Ní ẹ̀yìnkùlé, láfún funfun kún orí ọ̀rá ńlá. Mo bi ìyá àgbà tó ń yí i padà bóyá ọyẹ́ kì í yọ wọ́n lẹ́nu.

"Ó ń yọ wá lẹ́nu, ọmọ mi, àmọ́ ó ń bá wa ṣiṣẹ́. Bó bá ṣe ìgbà òjò ni, láfún yìí ì bá ti bu." Ó mú ẹyọ kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì létí mi. Ó dún pákáá. Lẹ́yìn náà ló fa kọ́tìnì àtijọ́ kan bo èyí tó kù, nítorí eruku.

Ọ̀nà eruku náà jìn. Ní orílẹ̀-èdè Chad, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá ayé àtijọ́ tó ti gbẹ. Ìyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun. Atẹ́gùn láti àríwá ìlà-oòrùn a sì máa kó o mọ́ eruku Sàhárà wá bá wa, láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì tàbí Kẹta. Ohun tó ń bà lé Eggua náà ló ń bà lé Kétu, lọ́dọ̀ àwọn ìbátan ará Eggua ní Benin.

Òtútù àti eruku ṣeé fara dà. Iná ni ẹ̀rù. Ọ̀dá 1983 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn àgbà oko: ọdún yẹn ni iná jó oko kòkó lọ rẹpẹtẹ ní Gánà. Nínú oko ẹ̀gẹ́ kan lẹ́yìn ìlú, bàbá olóko fi ibi tí iná èṣí dúró sí hàn mí. Lápá kan, ìdí ọ̀pẹ dúdú, ìkarahun ìgbín sì jóná títí ó fi funfun. Lápá kejì, koríko ṣì wà. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ gbígbá ló wà láàárín wọn.

Láti oṣù Kejìlá ni àwọn olóko ti ń ṣán ẹ̀gbẹ́ oko, tí wọ́n ń gbá ewé gbígbẹ kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ finá sóko gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún alámùúlétì rẹ̀, kó sì dúró de ìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn bá rọ̀. Ní Chicago lÁmẹ́ríkà, tí yìnyín bá bo ìlú, òfin ní kí onílé kó ti ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ti Eggua yìí, ìtìjú láàárín ara wọn ló ń mú wọn ṣe é.

Bí a ti ń sọ̀rọ̀, bàbá ti rékọjá ààlà, ó ń ro ẹ̀gbẹ́ oko ẹlòmíì.

"Bàbá, ta ló ni ibẹ̀ yẹn?"

"Ó wà l'Ékòó."

"Ẹ sì ń bá a ro ó?"

"Ṣé iná máa bi í kó tó sọdá?" Ó nawọ́ ìgbálẹ̀ sí mi.

Mo gbà á, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ewé.