Igi Kúkúrú tí Ń Tanná Lórí Àpáta

Lórí àwọn òkè gíga Yúróòpù, níbi tí òjò dídì ti ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, igi kan wà tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Igi ni í ṣe, kì í ṣe koríko, nítorí ẹ̀ka rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ó rá mọ́ àpáta, kí ẹ̀fúùfù má bàa fà á tu. Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará Swídìn, kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1753: Dryas octopetala, nítorí ìtànná funfun rẹ̀ a máa ní ewé mẹ́jọ.

Abẹ́ ewé rẹ̀ ní irun funfun bí òwú, tí kì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ tètè gbẹ. Ìtànná rẹ̀ rí bí àwo, a sì máa yí tẹ̀lé oòrùn. Ooru a kó jọ sí àárín rẹ̀, àwọn kòkòrò a sì wá yá oòrùn níbẹ̀, wọn a gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lọ sí ìtànná mìíràn. Nígbà tí ìtànná bá rọ, ohun kan bí ìyẹ́ ẹyẹ a gùn lára èso kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ a sì gbé e lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí àgbẹ̀ kíyèsí. Níbi tí yìnyín ńlá bá ti yọ́ kúrò, tí ó ku òkúta lásán, ó wà lára àwọn tí ń kọ́kọ́ hù. Gbòǹgbò rẹ̀ a di erùpẹ̀ mú, ewé rẹ̀ a jẹrà di ilẹ̀, igi mìíràn a sì rí àyè hù.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń ro oko ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹ má ṣe sun gbogbo igbó orí rẹ̀. Ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ, òjò ńlá kan lè wọ́ ọ lọ.