Nígbà Tí Alárùn Ìtọ̀ Ṣúgà Bá Ń Gbàgbé Oògùn Rẹ̀

Àwọn onímọ̀ ìlera fi yéni pé àrùn ìtọ̀ ṣúgà tó ti pẹ́ lára lè ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ọpọlọ jẹ́, kí ó sì sọ aláìsàn di onígbàgbé. Ewu ńlá ni èyí jẹ́. Ẹni tó gbàgbé pé òun ti gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tó sì tún un gbà, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ kọjá 70 mg/dL. Yóò máa làágùn, yóò máa gbọ̀n, ó sì lè dákú.

Fún oògùn oníhóró, àpótí kékeré oníyàrá 7 máa ń fi hàn bóyá a ti lo ti òní. Fún abẹ́rẹ́, ẹ fàmì sí kàlẹ́ńdà ní kété tí ẹ bá gbà á tán. Bí iyèméjì bá wà, ẹ má ṣe tún un gbà. Ẹ yẹ ṣúgà wò, kí ẹ sì bi nọ́ọ̀sì.

Bí ìgbàgbé bá ń pọ̀ sí i, kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí máa bójú tó oògùn náà, kí ẹni méjì má baà fún un ní ohun kan náà. Kí ó ṣe é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: àgbà tó ń gbàgbé kò di ọmọdé.